Áńtẹ́nà waifáì àfọwọ́ṣe: ti agolo ni àbí ti abọ́ dish àlòkù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé èwo lẹ máa fi owó yín sí nínú méjèèjì, mo ti ṣe méjèèjì o. Ọ̀kan ṣì wà lórí òrùlé mi ní Ìwòròkò báyìí, ìkejì ti di ohun tí mo ń kó bírò sí.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi wà ní òdìkejì pápá, bíi 400 mítà sí ilé mi, íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáa, òun fúnra ẹ̀ ló fún mi ní password, ṣùgbọ́n laptop mi kì í rí i àfi tí mo bá gbé e gun àkàbà.

Agolo ni mo kọ́kọ́ ṣe torí ó jọ pé kò ní ná mi ní nǹkan kan. Ẹnu agolo yẹn gbọ́dọ̀ fẹ̀ láàárín 7.3 sí 9.2 sẹ̀ǹtímítà, tó bá tín jù ìgbì waifáì 2.4 GHz ò ní lè gba inú ẹ̀ kọjá, tó bá fẹ̀ jù á dàrú mọ́ ara ẹ̀. Agolo mílíìkì ilé wa fẹ̀ tó 10, mo dá a padà fún ìyá mi, mo wá mú rúlà lọ Ọjà Ọba, àwọn màmá tó ń ta agolo ń wò mí bíi wèrè. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó fẹ̀ tó 8.3, ẹ wọn 6.2 láti ìdí ẹ̀, ẹ lu ihò síbẹ̀, ẹ fi N connector (ẹnu irin tí wáyà áńtẹ́nà ń dé mọ́) sí i, kẹ́ ẹ fi òjé jó wáyà bàbà mọ́ ọn tó máa yọ sínú agolo ní 3.1 sẹ̀ǹtímítà. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Wáyà ló jẹ mí lówó. Agolo wà lókè, laptop wà nínú yàrá, ohun kan sì gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀. Bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi ní wáyà áńtẹ́nà kan ò ju ọ̀kan lọ jàre, mo ra èyí tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní RG58, mítà 12, 11,000 náírà, owó tí ì bá di iyán àti ẹran ìgbẹ́ fún gbogbo ilé. Mo so ó tán, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí mo rí ò yàtọ̀ sí ti dongle lásán (waifáì kékeré tí à ń kì bọ ojú USB laptop) lórí tábìlì. Mo ní agolo ni ò dáa, mo tú u, mo tún un ṣe, mo tún tú u, mo ra connector míì, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gun òrùlé tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, àṣé wáyà ni! RG58 ń jẹ bíi 1 dB (dB la fi ń wọn bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù) ní mítà kọ̀ọ̀kan lórí 2.4 GHz, tí 3 dB bá sì ti lọ, ìdajì agbára ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ wá ṣírò ẹ̀, mítà 3 àkọ́kọ́ jẹ ìdajì, mítà 3 tó tẹ̀ lé e jẹ ìdajì èyí tó kù, tá a bá fi máa dé mítà 12, ìdá kan nínú 16 ló kù sílẹ̀. Agolo ọ̀hún ò sì lè mú ju bíi 10 dB wálé. Gbogbo ohun tó mú wálé ni wáyà jẹ, ó tún wá jẹ lé e.

Irú wáyà míì, LMR-400, ò jẹun tó bẹ́ẹ̀, bíi 0.2 dB ní mítà kan, àmọ́ ó nípọn bí ìka, ó sì wọ́n. Wáyà tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? 75 ohm nìyẹn, 50 là ń wá, wọn ò bára mu. Àti pé ẹ̀yìn dongle tí wáyà agolo ń wọ̀, ẹnu tí wọ́n ń pè ní RP-SMA ló ń lò, ó jọ SMA lójú, inú ẹ̀ ló yàtọ̀, ẹ má béèrè bí mo ṣe mọ̀.

Dish ò ní wàhálà wáyà yìí rárá. Dongle fúnra ẹ̀ lẹ máa so síbi tí LNB (orí kékeré tó máa ń wà níwájú abọ́) wà tẹ́lẹ̀, wáyà USB ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá laptop, kò sì jẹ nǹkan kan lójú ọ̀nà. Kó má ṣáà ju mítà 5 lọ, tó bá jù bẹ́ẹ̀ ẹ ra extension USB tó ní chip nínú. Abọ́ 60 sẹ̀ǹtímítà lè sún mọ́ 20 dB, ìyẹn agolo lọ́nà mẹ́wàá, torí 10 dB tó bá lé, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé tí ojú abọ́ yẹn bá dúró ṣánṣán, òkè ọ̀run ló ń wò, torí náà ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú bí ẹni tó ń tòògbé kó tó lè wo ilé ẹlòmíì. Màmá tó wà lódìkejì wa ti sọ fún mi tó ìgbà mẹ́ta pé dish mi ń ṣubú.

Títọ́ ọ sójú ibẹ̀: agolo ló rọrùn jù, dish le díẹ̀, tí ìjì bá yí i díẹ̀ péré ẹ máa gun òkè padà. Òjò: omi tó bá wọ wáyà agolo ti bà á jẹ́ nìyẹn, dongle ẹ fi ike bò ó. Iná ọba: méjèèjì ò nílò iná lórí òrùlé. Òkè: tí Òkè Ayọ́ba bá wà láàárín yín, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́, igi máńgòrò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa náà ò dáa.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú? Méjèèjì dáa o, mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá máa gbé agolo sójú fèrèsé pẹ̀lú wáyà ìdajì mítà, kó ṣe agolo, á gbádùn ẹ̀. Ẹni tó bá ní òrùlé, kó lọ wá dish. Ìpẹtà díẹ̀ ò ṣe nǹkan, ẹ ṣáà wò ó dáadáa pé ọ̀pá tó gbé LNB dúró ṣì wà lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí àwọn tó ń ta irin àlòkù, ọ̀pá yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ tà.