Mesen: Irinṣẹ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Tú Géèmù Nintendo Àtijọ́ Palẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irinṣẹ́ wo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú géèmù àtijọ́ palẹ̀, kí òun lè mọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí òun sì yí i padà sí bó ṣe wu òun, Mesen ni mo máa ń dárúkọ. Emulator ni, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ géèmù ìgbà náà ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo tí wọ́n ń pè ní Famicom ní Japan, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n Mesen òde òní tún gba Super Nintendo, Game Boy, Game Boy Advance, PC Engine àti Master System. Emulator tó dára fún eré ṣíṣe pọ̀ nílẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ ìtúpalẹ̀ tó wà nínú Mesen ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé n kò tíì rí èyí tó jẹ́ kí kóòdù, mẹ́mórì àti àwòrán ojú síkírìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀.

NES gan-an ló yẹ kí èèyàn fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọdún 1983 ni Famicom jáde ní Japan, ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà sì mọ àwọn géèmù rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ àdàkọ tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí káàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń ru oríṣiríṣi géèmù pọ̀. Mẹ́mórì tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ kò ju kílóbáìtì 2 lọ, ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn processor, sì wá láti ìdílé 6502, tí àṣẹ tó mọ̀ kò pọ̀. Odindi Super Mario Bros. ti ọdún 1985 jẹ́ kílóbáìtì 40: 32 fún àṣẹ àti ìsọfúnni, 8 fún àwòrán. Ẹnì kan ṣoṣo lè ka irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó sì yé e, èyí tí kò ṣeé ṣe mọ́ fún géèmù òde òní.

Ẹ jẹ́ kí n fi Super Mario Bros. yìí kan náà ṣàpẹẹrẹ. Ká ní a kò fẹ́ kí ẹ̀mí Mario máa dín kù. Ẹ̀mí mẹ́ta ni ó ń ní bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 2 ni ẹ̀rọ kọ sínú mẹ́mórì, nítorí pé iye tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí tó wà lójú eré ni ó ń kà. Nínú fèrèsé Memory Search, a ó ní kí Mesen kó gbogbo ibi tí 2 wà jọ, a ó jẹ́ kí Mario kú, a ó sì ní kí ó yọ gbogbo èyí tí kò di 1 kúrò. Bí a bá tún un ṣe títí 1 fi di 0, àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà ibi kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́mórì, tó kù kò ní pọ̀ mọ́, $075A yóò sì wà lára wọn (àmì $ ń sọ pé hexadecimal ni nọ́ńbà náà, ìyẹn ìkà tí ń lo 0 sí 9 àti A sí F). Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kì í kọjá ibí yìí: wọn á jẹ́ kí ẹ ti nọ́ńbà náà pa kí ó má yí padà mọ́, ó parí. Mesen lè ṣe ìyẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá kọjá ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ hàn.

A ó fi breakpoint sí $075A, ìyẹn ni pé a pàṣẹ pé kí géèmù dúró gbọnin nígbàkígbà tí ohunkóhun bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀. Bí Mario bá ti kú, géèmù yóò dúró, debugger, ìyẹn fèrèsé tí ń fi àwọn àṣẹ géèmù hàn, yóò sì tọ́ka sí àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an: DEC $075A, tó wà ní àdírẹ́ẹ̀sì $91D9, tí báìtì rẹ̀ jẹ́ CE 5A 07. Àṣẹ yìí ló ń yọ ẹyọ kan kúrò nínú ẹ̀mí Mario. BPL ló tẹ̀ lé e, èyí tí ń béèrè bóyá èsì tó gbẹ̀yìn kò tíì kéré sí òdo. Bí kò bá tíì kéré sí i, eré ń bá a lọ, bí ó bá sì ti kéré sí i, eré parí.

Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé kí òun fi EA mẹ́ta, tó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ má ṣe ohunkóhun, rọ́pò báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dán an wò, ẹ ó rí i pé eré yóò parí nígbà àkọ́kọ́ tí Mario bá kú. Kí ló fà á? Bí ẹ bá ń rìn lórí kóòdù náà ní àṣẹ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń wo àwọn àmì ọpọlọ ẹ̀rọ tí Mesen ń fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdáhùn yóò yọjú fúnra rẹ̀. Ṣáájú DEC, géèmù ti gbé $80 láti pa orin lẹ́nu mọ́, nọ́ńbà yìí sì gbé àmì N sókè, èyí tó dúró fún pé èsì kéré sí òdo. Bí a bá yọ DEC kúrò, àmì orin ni BPL yóò bá, yóò sì gbà pé ẹ̀mí ti tán. Ohun tó tọ́ ni kí a yí CE nìkan padà sí AD, tó sọ àṣẹ náà di LDA $075A: ẹ̀rọ yóò ka iye ẹ̀mí láìyọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, àmì N yóò sì bá iye náà mu. Báìtì kan ṣoṣo ni. Ohun tí kóòdù SXIOPO ti Game Genie, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki mọ́ káàsẹ́ẹ̀tì láti yí géèmù padà, ń ṣe náà nìyẹn: bí ẹ bá tú lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, $91D9 àti AD ni ẹ ó bá nínú wọn. Mesen tún ní bọ́tìnnì tí ń dá eré padà sẹ́yìn ní àṣẹ kan, nítorí náà, bí ẹ bá fò kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ wà, kò sí ìdí láti tún Mario pa.

Event Viewer ni mo fẹ́ràn ṣìkejì. Ó ya gbogbo àkókò tí ẹ̀rọ fi ń kun àwòrán kan bí pátákó, ó sì fi àmì aláwọ̀ sí ibi tí kóòdù ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ àwòrán. Nínú Mario, ẹ ó rí àwọn àmì tó tò wọ̀ǹtìwọnti níbi tí kóòdù ti ń ka $2002, ọ̀kan lára àwọn àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ àwòrán, léraléra, tó ń dúró de àkókò tí ìlà máàkì òkè yóò parí, kí ó tó kọ sí $2005, òmíràn lára wọn, láti mú kí ìyókù síkírìnì máa yí lọ. Ìdí nìyẹn tí máàkì fi dúró sójú kan nígbà tí ayé Mario ń sún. Àwọn fèrèsé àwòrán náà wúlò. Inú wọn ni ẹ ó ti fojú ara yín rí i pé àwòrán kan náà ni wọ́n kùn ní funfun fún ìkùukùu tí wọ́n sì kùn ní àwọ̀ ewé fún igbó.

Àléébù rẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Fèrèsé pọ̀ jù, kò sì sí ohun tó ń sọ fún ẹni tuntun pé èyí ni kí ó kọ́kọ́ ṣí. Àlàyé tó bá a rìn kò tó. Ẹni tí kò bá tíì mọ hexadecimal àti àwọn àṣẹ 6502 gbọ́dọ̀ lọ kọ́ wọn níbòmíràn kó tó padà wá. Lójú tèmi, èyí burú fún irinṣẹ́ tó dára tó báyìí. Bákan náà, nígbà tí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́ ni agbára rẹ̀ wà. Fún kíka kóòdù tó tóbi láìtan géèmù rárá, Ghidra, tí àjọ NSA ti Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2019, ló yẹ ká gbé.

Mesen kì í kó géèmù kankan wá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tó ni géèmù wọ̀nyí ṣì ni ẹ̀tọ́ lórí wọn. Ohun tó ṣe dípò rẹ̀ ni pé ó lè fi àtúnṣe yín pamọ́ sínú fáìlì IPS, tí ibi tó yí padà nìkan wà nínú rẹ̀. Fún báìtì kan tí a yí padà lókè yìí, gbogbo fáìlì IPS náà jẹ́ báìtì 14: 5 fún ọ̀rọ̀ PATCH, 3 fún ibi tí àtúnṣe wà, 2 fún gígùn, 1 fún AD fúnra rẹ̀, 3 fún EOF, ọ̀rọ̀ tó ń parí fáìlì. Fáìlì yìí ló yẹ kí ẹ fún ọ̀rẹ́ yín, kì í ṣe odindi géèmù.

Mesen kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti gbó jù, tí Mesen sì ń wọ́, ẹ gbé FCEUX, emulator NES mìíràn: òun náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní debugger àti ìwámẹ́mórì, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀mí Mario tí mo ṣàpèjúwe sì ṣeé ṣe nínú rẹ̀.