Mo fi ẹ̀rọ amúlégbóná oní-gáàsì tọ́ ọmọ adìẹ 300 lásìkò ọyẹ́

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi èédú tọ́ ọmọ adìẹ nínú ọgbà wa lọ́nà Mọ́níyà, n'Íbàdàn níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ó dá iná sínú ìkòkò mẹ́ta lálẹ́. Tó bá fi máa di aago méjì òru, eérú á ti bò ó, yàrá á ti tutù, àwọn ọmọ adìẹ á ti gun ara wọn lórí ní igun kan. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ti kú. Lásìkò ọyẹ́ èṣí, 300 ni mo kó wọlé, 47 sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Èmi fúnra mi ni mo ṣa wọn sínú ike lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò tún ní fi ojú mi rí irú ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló ní kí n wá ẹ̀rọ oní-gáàsì. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa adìẹ, àmọ́ wọ́n mọ gáàsì dáadáa. Wọ́n ní ilé kékeré onítáyà kan tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó àtọmọ lọ ságbègbè òkè nígbà òtútù. Tírélà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, kì í ṣe irú èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì lọ́nà Èkó. Gáàsì propane ló ń mú inú rẹ̀ gbóná nínú yìnyín. Nígbà tí mo ròyìn adìẹ mi fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní: “Àbúrò mi, yàrá tó o kó adìẹ sí yẹn ò yàtọ̀ sí tírélà mi. Ibi kótópó téèyàn fẹ́ kó gbóná mọ́jú làwọn méjèèjì.”

Èyí tí mo rà dà bí àwo ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Irin ni òkè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun oníhò wẹ́wẹ́ tí iná ń jó lójú rẹ̀ títí táá fi pọ́n bí ẹyín iná. Ṣéènì la fi ń so ó kọ́ àjà. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó tó ọmọ adìẹ 500, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí mo rí lásìkò ọyẹ́, 300 ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ibi tó ti dùn mọ́ mi jù ni pé ooru rẹ̀ ṣeé darí. Ó ń ṣe bí oòrùn àárọ̀: ara tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń yá, kò nílò kí gbogbo yàrá kọ́kọ́ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ adìẹ ń fẹ́ nǹkan bíi dígírì 32 sí 35 níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, èèyàn á máa yọ nǹkan bíi mẹ́ta kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ á fi bò wọ́n. Kò sí bí mo ṣe lè fi èédú ṣe ìyẹn. Pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, màá kàn fa ṣéènì sókè díẹ̀ tàbí kí n yí iná wálẹ̀. Mo gbé temómítà síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ adìẹ fúnra wọn ni mo ń wò. Tí wọ́n bá rọ́ gììrì sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá jìnnà, tí wọ́n na ìyẹ́, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Tí gbogbo wọn bá sá sápá kan, ẹ lọ wá ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ní alẹ́ kejì, wọ́n tú ká gbogbo ilẹ̀, òmíràn ń jẹun, òmíràn sùn bí ọmọ tó mu ọmú yó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n, omi bọ́ lójú mi. Mo sùn láti aago mọ́kànlá di márùn-ún.

Ohun tó bí mi nínú kò sí lára ẹ̀rọ náà gan-an, àwọn ohun tí wọ́n tà mọ́ ọn ni. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé régúlétọ̀ ilé ìdáná, èyí tó ń darí gáàsì lórí sìlíńdà, ti tó. Irọ́ ni. Iná náà ń jó ràndànràndàn, ó pupa bíi ti àtùpà, ojú amọ̀ náà ò pọ́n. Bàbá tó ń rọ gáàsì ládùúgbò wa ló wò ó tí wọ́n ní ti ilé ìdáná kì í ti gáàsì lágbára tó èyí tí ẹ̀rọ mi ń fẹ́. Owó míì ni mo tún fi ra régúlétọ̀ rẹ̀. Họ́ọ̀sì tó bá a wá kò tó mítà kan àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ sìlíńdà ò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tíná ń jó, tí èérún pákó sì kún ilẹ̀. Mo ra èyí tó gùn, mo gbà á gba ara ògiri, mo gbé sìlíńdà síta sábẹ́ òrùlé. Ẹ rò ó mọ́ owó tẹ́ ẹ máa ná. Kẹ́ ẹ sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná: tèmi hó yẹẹ níbi kan, ó di ìgbà tí mo fún kílíìpù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ilẹ̀ náà làwọn ọmọ adìẹ sì wà.

Ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù wá kàn báyìí. Nítorí ọyẹ́, mo fi tapólì dí fèrèsé méjèèjì pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi ń kán láti ara páànù, èérún pákó ti rin, òórùn ìgbẹ́ ń ta mí lójú. Mo rò pé páànù ń jò, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kílò gáàsì kan tó bá jó, omi tó lé ní kílò kan àtààbọ̀ ló ń sọ sínú yàrá, pé ohun tó ń ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́ nínú tírélà nìyẹn: omi á máa ṣàn lójú gíláàsì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì á bu. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe mọ́ tírélà wọn ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó sì ń tú èéfín rẹ̀ padà síta, ṣùgbọ́n kékeré tí wọ́n ń gbé káàkiri, tí kò ní páìpù, irú tèmi ni. Wọn kì í tan ìyẹn sùn láéláé, bí yìnyín ti wù kó pọ̀ tó.

Ó ní ìdí. Tí afẹ́fẹ́ ò bá tó iná, carbon monoxide ló máa ń tú jáde, èyí tó ń pa èèyàn nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò ní òórùn, ojú ò rí i. Àwọn ọmọ adìẹ náà ń mí in símú. Ẹ̀gbọ́n mi fi álámù kékeré kan tó máa ń ké tí carbon monoxide bá wà nínú afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké: ní òru tí eruku ọyẹ́ àti ìhùùhù adìẹ ti dí ihò amọ̀ náà, tíná wá di pupa. Láti ìgbà náà, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn tí mo bá ti pa á tó sì tutù. Mo sì ń ṣí tapólì sílẹ̀ lókè ní ìbú ọwọ́ méjì, tọ̀sán-tòru. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tẹ́ ẹní sínú yàrá ọmọ adìẹ kí wọ́n lè ṣọ́ iná. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sùn síbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní nǹkan kan tó ń dí gáàsì fúnra rẹ̀ tíná bá kú. Atẹ́gùn pa á lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì dí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tan ara rẹ̀ padà. Ẹ ṣì ní láti jí lẹ́ẹ̀kan lóru lọ yọjú.

Gáàsì ńkọ́? Ìkan àtààbọ̀ nínú sìlíńdà oníkílò 12.5 ni mo lò fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́; títí di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di méjì àtààbọ̀. ₦1,100 ni mo ra kílò kan nígbà náà, owó náà sì ju ti èédú lọ. Tó bá ń kù díẹ̀, sìlíńdà máa ń làágùn, á tutù, iná á sì rẹlẹ̀ lápá ìdájí. Gáàsì tó ń fà jáde ló ń gba ooru ara rẹ̀. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀, ẹ má da omi gbígbóná sí i. Èyí tó kún ni mo ń lò lóru, mo sì ń fi àṣẹ́kù ṣe tọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ní nínú òtútù tiwọn, butane, irú gáàsì míì, ò tiẹ̀ ní jáde, torí tí òtútù bá ti kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín díẹ̀, kò ní di afẹ́fẹ́ mọ́. Propane ń bá a lọ títí dé nǹkan bíi dígírì 42 nísàlẹ̀ òdo. Kò sí alẹ́ tó tutù tó bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn.

Nínú 300 tọdún yìí, mẹ́sàn-án ló kú, méjì nínú wọn sì ti rọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni 400 míì ń wọlé. Mo ti ra ẹ̀rọ kejì, bíríkìlà sì ti lu ihò méjì sókè ògiri, lápá ibi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ò ti ń fẹ́ wá.