Ẹ̀rọ Oníná Tàbí Gáàsì fún Ẹni Tí Ó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ajórin Nílé
Fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ajórin lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀rọ oníná ni mo fara mọ́ ju gáàsì lọ. Irin géètì nípọn tó láti gba ooru rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi gíláàsì dúdú bojú, tí ó fi ẹnu electrode (ọ̀pá irin tín-ín-rín tí ń yọ́ láti so irin pọ̀) ha irin bí ẹni ń ṣáná, tí ó sì tètè gbé e sókè díẹ̀ kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ra nìyẹn. Lóòótọ́, gáàsì kì í dúró de iná ọba, ó sì dára fún páànù ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí gírísì bá kan ẹnu sílíńdà ọ́síjìn tí a ń lò pẹ̀lú gáàsì, ó lè gbiná; kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá iṣẹ́ gáàsì kọ́ láìsí ọ̀gá.