Rímù 17 àti Rímù 18 fún Ọkọ̀ Kan Náà: Èwo Ni Yóò Wọlé Láìfara Họ Nǹkan?

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rímù tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́, ojú ló sábà máa ń fi rajà: ó rí èyí tó ń dán, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni bóyá rímù náà àti táyà tó fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò gba inú ọkọ̀ rẹ̀, láìfara họ nǹkan kan nígbà tí ọkọ̀ bá kún fún èrò tàbí nígbà tí sítíárìn bá yí dé òpin. Kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere, ẹ jẹ́ ká gbé oríṣi méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ká ní rímù ínṣì 16 ló bá ọkọ̀ náà wá, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 6.5, tí offset rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí rímù ṣe wọ inú tàbí yọ síta tó) jẹ́ 45, tó sì wọ táyà 205/55R16, ìyẹn ni pé táyà náà fẹ̀ ní mìlímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpín 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, rímù ínṣì 16 ló sì ń wọ̀. Rímù kìíní tí olùrà ń wò jẹ́ ínṣì 17, ó fẹ̀ ní ínṣì 7.5, offset rẹ̀ jẹ́ 45, táyà rẹ̀ sì jẹ́ 225/45R17. Rímù kejì jẹ́ ínṣì 18, ó fẹ̀ ní ínṣì 8.5, offset rẹ̀ jẹ́ 35, táyà rẹ̀ sì jẹ́ 235/40R18.

Kí a tó dé orí fífẹ̀ rárá, ihò nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí a bá kọ 5×114.3 sára rímù, ohun tó ń sọ ni pé ihò márùn-ún ló wà níbẹ̀, àti pé òbìrìkìtì tí àwọn ihò náà tò lé lórí jẹ́ mìlímítà 114.3 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. 5×112 sún mọ́ ọn débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nọ́ọ̀tì pàápàá lè kọ́kọ́ wọlé kí ó sì dàbí ẹni pé ó bá mu. Ṣùgbọ́n kò ní jókòó dáadáa, á máa tú díẹ̀díẹ̀, irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ sì lè kán lórí eré. Bí ọlọ́jà bá sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Ihò àárín rímù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bó bá kéré ju hóòbù, irin àárín tí rímù ń jókòó lé, rímù kò ní wọlé. Bó bá tóbi jù ú lọ, òrùka tó ń dí àlàfo wà fún un. Mo ti wa ọkọ̀ tí ihò àárín rímù rẹ̀ jẹ́ 73.1 lórí hóòbù 60.1 rí. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 100 kìlómítà ní wákàtí ni sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bá mi ṣe bálánsì táyà, kò yí padà. Òrùka mẹ́rin tí kò wọ́n rárá ló paná ìgbọ̀n náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà ni offset, tí wọ́n ń fi lẹ́tà ET kọ sára rímù. Ó ń sọ bí ojú tí rímù fi kan hóòbù ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn fífẹ̀ rímù náà, ní mìlímítà. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni rímù ń wọ inú lọ sọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀kù, bó bá sì ṣe kéré tó ni ó ń yọ síta sọ́dọ̀ etí fẹ́ńdà. Ẹ má wo offset láìwo fífẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pinnu ibi tí rímù yóò dé. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Ẹ sọ fífẹ̀ rímù di mìlímítà, ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi offset kún un láti mọ bó ṣe wọ inú tó, ẹ sì yọ offset kúrò nínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe jáde tó.

Bí a bá ṣe ìṣirò yìí, rímù ilé iṣẹ́ wọ inú ní nǹkan bíi 127.6, ó sì jáde ní 37.6. Rímù kìíní wọ inú ní 140.3, ó sì jáde ní 50.3, èyí tó túmọ̀ sí pé ó fi 12.7 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Rímù kejì wọ inú ní 143, ó sì jáde ní 73: ó fi 15.4 kún inú, ó sì fi 35.4 kún ìta. Ẹ wò ó dáadáa. Nínú, ìyàtọ̀ rímù méjèèjì kò pé mìlímítà 3. Níta, ó lé ní 22. Bí ẹnì kan bá sì rò pé òun á wá rímù 8.5 tí offset rẹ̀ jẹ́ 45 kí ó má baà yọ síta jù, ó kàn kó ìṣòro náà wọ inú ni, nítorí pé mìlímítà 25.4 ni yóò fi sún mọ́ ṣọ́ọ̀kù.

Ẹ lè wọn àyè tó wà nílé kí ẹ tó náwó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ so nọ́ọ̀tì kan mọ́ ìdí òwú, kí ẹ sì rọ òwú náà láti etí fẹ́ńdà kí ó gba iwájú táyà kọjá. Bí àlàfo tó wà láàárín òwú àti ẹ̀gbẹ́ táyà bá jẹ́ mìlímítà 30, rímù kìíní ṣì ní bíi 17 tó kù, nígbà tí èkejì ti yọ kọjá òwú ní 5, kí a tó ka ìwú táyà fúnra rẹ̀. Fún inú, ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ sì wo ibi tí táyà ti sún mọ́ ṣọ́ọ̀kù jù lọ. Bí táyà bá ti ń họ pílásítíìkì inú fẹ́ńdà, ibẹ̀ á dúdú, á sì máa dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á.

Ní ti gíga táyà, 205/55R16 ga ní mìlímítà 631.9, 225/45R17 ga ní 634.3, 235/40R18 sì ga ní 645.2. Rímù kìíní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí spidómítà padà, ṣùgbọ́n lórí rímù kejì, nígbà tí spidómítà tó péye fún táyà ilé iṣẹ́ bá ń sọ 100, eré gidi ti lé ní 102. Ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà tó ní 225 kò ju 225 lọ: 225/50R17 ga ní 656.8, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìpín 4 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ilé iṣẹ́ lọ, orí fẹ́ńdà ni yóò sì ti kọ́kọ́ họ nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ táyà náà tún ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, láti bíi 113 sí 101 sí 94, kòtò tí táyà àtijọ́ sì gbà mọ́ra lè tẹ rímù 18.

Nọ́ńbà ẹrù tó wà lára táyà kò gbọdọ̀ kéré sí ti ilé iṣẹ́. 91 ń gbé kìlógíráàmù 615, 88 ń gbé 560. Lórí táyà mẹ́rin, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 220. Bí ìdí nọ́ọ̀tì ṣe rí náà ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Honda ló ń lo nọ́ọ̀tì onídìí roboto, bẹ́ẹ̀ rímù tí a rà lọ́tọ̀ sábà máa ń fẹ́ onídìí ṣóńṣó. Ẹ má sì rò pé rímù tó tóbi ti bọ́ lọ́wọ́ bíréèkì, nítorí ọwọ́ rímù tó tẹ̀ sínú lè kan kálípà, irin tó ń fún díìsì bíréèkì mú, bí rímù náà tilẹ̀ jẹ́ 18.

Lójú tèmi, rímù kìíní ni kí ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ rà. Èkejì wà fún ẹni tó ti wọn àyè tirẹ̀, tó rí i pé ó gbà á, tó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti ká etí fẹ́ńdà wọ inú. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ́kọ́ gbé rímù kan ṣoṣo tí kò tíì wọ táyà sí iwájú ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ wo kálípà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í gba rímù padà lẹ́yìn tí táyà bá ti wọ̀ ọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé tán, ẹ fi ìrẹ́ǹṣì tó ń wọn agbára dè é sí ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí ẹ sì tún àwọn nọ́ọ̀tì náà yẹ̀ wò lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 160.