Sídì pléyà fún ańpù fáàfù àtijọ́: ti 1985, ti 1995, oní-fáàfù, àbí tuntun?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ańpù fáàfù àtijọ́ nílé, ìyẹn ańpù tó ń fi gílóòbù onídígí ṣiṣẹ́ dípò transistor, Leak, Quad, Dynaco, Fisher àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, tẹ́ ẹ wá ń wá sídì pléyà tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Leak Stereo 20 lèmi ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, fáàfù EL84 mẹ́rin, ECC83 mẹ́ta àti GZ34 kan, wọ́ọ̀tì 11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ju ọgọ́ta ọdún lọ. Oríṣi pléyà mẹ́rin ni mo ti so mọ́ ọn. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí ni pé èwo lohùn ẹ̀ dùn jù, bẹ́ẹ̀ ohùn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò rárá. Nǹkan méjì ló ṣáájú: báwo ni ìró tó ń jáde lẹ́yìn pléyà yẹn ṣe lágbára tó, àti pé tí lẹ́ńsì ẹ̀ bá kú lọ́la, ṣé ẹ ṣì lè rí òmíì rà?

Ẹ jẹ́ ká mú ti agbára ìró ṣáájú. Àwọn tó ṣe ańpù wọ̀nyí ò mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ sídì ń bọ̀ wáyé. 1958 ni Leak Stereo 20 jáde, sídì pléyà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sọ́jà, Sony CDP-101, October 1982 ni, ní Japan. Rédíò àti ẹ̀rọ téèpù ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe ańpù, ìró tiwọn sì kéré. Mìlífóòtì 125 péré ló tó fún Stereo 20 láti gbé gbogbo wọ́ọ̀tì 11 ẹ̀ jáde, sídì pléyà wá ń da fóòtì 2 lé e lórí, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún nìyẹn o! Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé ẹ ò tíì yí fọ́lúùmù rárá tán tí ilé á ti máa mì, ẹ ò ní lè gbọ́ orin jẹ́ẹ́jẹ́ lóru, ìsàlẹ̀ fọ́lúùmù àtijọ́ kì í sì í dọ́gba, sípíkà òsì á máa pariwo, ti ọ̀tún á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Quad II ò le tó bẹ́ẹ̀, fóòtì 1.4 ló ń fẹ́, Dynaco ST-70 ń fẹ́ 1.3, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gba inú preamp tiwọn kọjá, ìyẹn àpótí kékeré tó gbé fọ́lúùmù àti ihò wáyà, wàhálà yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Oògùn ẹ̀ ò wọ́n. Wọ́n ń pè é ní attenuator, nǹkan kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ẹnu wáyà RCA lẹ máa kì í bọ̀. Rothwell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ti 10 dB, ìyẹn ń sọ fóòtì 2 di bíi 0.63. Fún Leak, 20 dB ló tẹ́ èmi lọ́rùn, fóòtì 2 á di 0.2, oníṣẹ́ rédíò tó bá mọ lẹ́ẹ̀dì í jó lè fi resistor méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe é fún yín sínú ẹnu wáyà. Àwọn Sony kan tún wà tí wọ́n kọ VARIABLE sí ara ihò kan lẹ́yìn wọn, rìmóòtù lẹ máa fi máa dín ìró ẹ̀ kù, ìyẹn náà dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ ki sídì bọ ihò tí wọ́n kọ PHONO sí, mìlífóòtì bíi mélòó kan láti ẹnu abẹ́rẹ́ gírámáfóònù ni ihò yẹn ń retí, ó sì tún ń fi báàsì kún ohun tó bá wọlé. AUX, RADIO, TUNER tàbí TAPE ni kẹ́ ẹ wá.

Ó yá, ká bọ́ sórí pléyà fúnra wọn.

Àwọn Philips àti Marantz ayé 1983 sí bíi 1990 ni ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ jù lẹ́nu àwa tá a fẹ́ràn fáàfù, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Bit 16 ni Sony fi bẹ̀rẹ̀, Philips ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú chip TDA1540 tó jẹ́ bit 14, òun ló ń sọ nọ́ńbà orí sídì di ìró, wọ́n wá ń lo oversampling ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn fífi nọ́ńbà kún àárín àwọn tó wà lórí sídì, láti 44.1 kHz lọ sí 176.4, kí wọ́n lè rí gbogbo ohun tó wà lórí sídì kó. 1985 ni TDA1541 tó jẹ́ bit 16 dé. Apá tó gbé lẹ́ńsì ń fì bí apá gírámáfóònù, kì í rìn lórí irin bíi ti ìsinsìnyí, CDM-1, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ alápá yìí, irin gidi ni wọ́n fi mọ ọ́n, dígí sì ni lẹ́ńsì ẹ̀. Marantz CD-34 lèmi ní nínú irú wọn. Tó bá ń kọ jùjú àtijọ́ lórí Leak, gángan á dúró sójú kan gbọnin láàárín sípíkà méjèèjì, ẹ máa gbọ́ ìgbà tí onílù fún ọsán mọ́ra àti ìgbà tó tú u sílẹ̀, kì í kàn ṣe pé ìlù ń dún. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí ẹni tí kò mọ irin lẹ́ẹ̀dì í dì mú lọ rà á. Wọn ò ṣe lẹ́ńsì yẹn mọ́, inú pléyà mìíràn tó ti kú ni wọ́n ti ń tú u. Philips CD104 tún ní àìsàn tiẹ̀, ibi tí wọ́n ti so ojú méjèèjì pátákó iná pọ̀ máa ń já, ẹ máa jó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni kó tó gbádùn. Bẹ́líìtì tó ń ti àwo jáde á ti yọ́ bíi gààrí rírẹ, capacitor á ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan rí mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn pléyà ìgbà yẹn púpọ̀ ní skúrù tí wọ́n fi ń de inú wọn mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbé wọn rìnrìn àjò, ẹni tó tà á ò dè é. Mo gbé páálí yẹn lọ́wọ́ olùfiránṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú ẹ̀, ọkàn mi já. Kò ka sídì kankan títí di òní. Torí náà, tẹ́ ẹ bá máa ra ti àtijọ́, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ gbé e.

Ohun kan wà tó kan àwa Yorùbá gan-an níbi tá a dé yìí. Sídì wa púpọ̀, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, ilé iṣẹ́ kọ́ ló tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi jó o: àpàlà tí bùrọ̀dá kan bá yín gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì, ìwàásù, orin òde ìnáwó, èyí tẹ́ ẹ rà ní gáréèjì nígbà tẹ́ ẹ lọ sílé. Sídì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ ń dá bíi ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ lẹ́ńsì padà, CD-R, èyí tí wọ́n ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sún mọ́ ọn, CD-RW, èyí tẹ́ ẹ lè pa rẹ́ kẹ́ ẹ tún jó, ò ju bíi 15 sí 25 lọ. Pléyà 1985 lè ka CD-R kan kó kọ èkejì, CD-RW ní tiẹ̀, á kàn máa yí i ni, á wá kọ ERROR tàbí kó dákẹ́. Tó bá wá jẹ́ MP3 ni wọ́n jó sórí ẹ̀, àyàfi pléyà tí wọ́n kọ MP3 sí lára, yálà ti àtijọ́ tàbí tuntun. Ẹni tó jẹ́ pé irú sídì yìí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ̀, kó fi ti 1985 sílẹ̀.

Àwọn tí mo máa ń ní káwọn ará wa lọ rà ni ti 1992 sí bíi 2002. Iṣẹ́ wọn ṣì nípọn, tiransifọ́mà wọn tóbi, sídì kíkọ ò sì ṣòro fún púpọ̀ nínú wọn. Sony tó ń lo lẹ́ńsì KSS-240A ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, kì í ṣe torí ohùn, torí pé lẹ́ńsì yẹn ṣì wà lọ́jà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àfarawé ló pọ̀, ó gba kẹ́ ẹ ra méjì kẹ́ ẹ tó rí èyí tó dáa. Marantz CD-63 náà dáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, CD-63 méjì ló wà! Ti 1983 jẹ́ ọmọ ìyá Philips CD100, òkè lẹ́ ẹ ti ń ṣí i, ti 1990 àti díẹ̀ ní àwo tó ń yọ síwájú. Mo ti rí ẹni tó san owó èyí tó sì ń retí tọ̀hún. Ìyàtọ̀ ohùn láàárín Sony mi yìí àti CD-34? Ó wà, gángan ò nípọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn orin mẹ́ta mi ò rántí mọ́.

Pléyà tó ní fáàfù nínú fúnra ẹ̀ ńkọ́, bíi Jolida JD-100 tó ní 12AX7 méjì, tàbí Shanling CD-T100 tí fáàfù ẹ̀ yọ síta lórí? Wọ́n rẹwà lóòótọ́, tí iná bá pọ́n nínú wọn lálẹ́ ẹ ò ní fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n. Mo yá ọ̀kan lò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ańpù tèmi ti ní fáàfù mẹ́jọ, kí ni mo tún ń fi méjì sí i ṣe? Báàsì ti ń wú jù, ohùn àwọn elégbè ń wọra wọn. Ẹni tí ańpù ẹ̀ jẹ́ transistor ni mo máa ní kó lọ wò ó, kì í ṣe àwa.

Ti tuntun ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Marantz CD6007, Rega Apollo tẹ́ ẹ ń ti òkè ṣí, àwọn wọ̀nyí kàn ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n ní gàráńtì, ẹ so attenuator mọ́ wọn, ó parí. Audiolab 6000CDT kì í dá ṣiṣẹ́, ẹ máa ra DAC sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà orí sídì di ìró, kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ yẹ tòkunbọ̀ wò, ẹ mú sídì mẹ́ta dání: èyí tí wọ́n tẹ̀ tó gùn tó ìṣẹ́jú 70 ó lé, CD-R kan látilé, àti èyí tó ti ha díẹ̀. Àárín ni sídì ti ń bẹ̀rẹ̀ tó fi ń lọ sí etí, orin tó gbẹ̀yìn sì ni kẹ́ ẹ gbọ́ títí dé òpin, ibẹ̀ ni lẹ́ńsì tó ti ń rẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí àwo wọlé sí ìgbà tí iye orin fi hàn, tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, ẹ béèrè ẹ̀dínwó tàbí kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu, ti Amẹ́ríkà fóòtì 120 ni, ti Japan 100, tiransifọ́mà asọná-dínkù lẹ máa rà sí i, èyí tó máa gbé ańpù ò sì kéré.

Tẹ́ ẹ bá so ó tán tẹ́ ẹ gbọ́ hùn-ùn-ùn nínú sípíkà, pléyà tó ní wáyà ẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ańpù tó ní tiẹ̀ ló sábà ń fà á, pléyà ẹlẹ́nu méjì tí kò ní ẹ́ẹ̀tì kì í dá irú ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ má gé ẹ́ẹ̀tì ańpù láé torí ariwo yẹn. Ohun tó ju fóòtì 300 lọ ló wà nínú ańpù fáàfù, ẹ́ẹ̀tì yẹn ló dúró láàárín yín àti ẹ̀. Ẹ má sì gbé pléyà lé ańpù lórí, ooru GZ34 nìkan tó láti sọ lẹ́ńsì di arúgbó. Pléyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan, ańpù lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ańpù ni kó ṣáájú, kí gbì tí pléyà ń ṣe má baà dé ọ̀dọ̀ sípíkà.

Nínú ilé tèmi báyìí, Sony ló ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́, attenuator 20 dB wà lẹ́yìn ẹ̀. CD-34 wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù kejì, ọjọ́ Sunday lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń tan án, mo sì ti ń dá owó lẹ́ńsì ẹ̀ jọ.