Olè lẹ́tà ní Texas: òfin àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀?

Ẹni tó bá jí lẹ́tà nínú àpótí ẹlòmíì ní Texas lè fojú winá òfin méjì. Ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti wà tipẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ ẹrù ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba nìkan ló kàn. Páálí tí UPS tàbí FedEx, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń kó ẹrù, gbé sẹ́nu ọ̀nà yín kò sí níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni òfin ìpínlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2019, ti dára jù lójú tèmi. Ó ka irú páálí bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́tà, iye ẹni tí wọ́n jí nǹkan wọn ló sì fi ń díwọ̀n ìyà. Bí wọn ò bá tó 10, ẹ̀wọ̀n ò lè kọjá ọdún kan. Bí wọ́n bá pé 30, ó di ọdún 2 sí 10.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti jìbìtì. Bí olè bá fẹ́ fi ìsọfúnni inú lẹ́tà báńkì sọ ara rẹ̀ di oníǹkan, ìyà rẹ̀ á le sí i. Bó bá tún mọ̀ pé arúgbó ló ni lẹ́tà náà, á tún gbé e ga sí i. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn àgbà kan ṣì ń retí ṣẹ́ẹ̀kì nínú àpótí. Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ẹ tètè máa fẹjọ́ sun ọlọ́pàá àdúgbò.