Ìwé àṣàrò Lẹ́ńtì tí mo rà nítòsí ọjà Atákúnmọ̀sà

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ìgbàgbọ́ kan nítòsí ọjà Atákúnmọ̀sà n'Iléṣà níbí, ₦1,500 péré, Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tí mo ti rà rí, tó bá ti di Àjíǹde ó parí, bẹ́ẹ̀ 40 ọjọ́ la fi ń gbààwẹ̀ (wọn kì í ka Sọ́ńdè mọ́ ọn), ìgbà Àjíǹde sì jẹ́ 50 ọjọ́ títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, ṣé ká wá pa Bíbélì dé torí pé a ti jẹ ìrẹsì ọdún ni?

Ọjọ́ tí mo ka ti ọ̀nà Ẹmáúsì, Lúùkù 24, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù méjì yẹn ń lọ tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, Jésù ń bá wọn rìn wọn ò dá a mọ̀ àfìgbà tó bu búrẹ́dì, ẹkún ni mo sun, torí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn, mo sì ti ń rò pé Ọlọ́run ti jìnnà sí mi.

Lẹ́tà inú ẹ̀ kéré jù ṣá, àwọn àgbà máa nílò jígí ojú. Ìwé tèmi tiẹ̀ já kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó dé, mo gbé e padà, mọ́mì tó ni ṣọ́ọ̀bù ní "ẹ máà bínú o", wọ́n fún mi ní tuntun, wọn ò gba kọ́bọ̀. Èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ tán o, ẹ tètè lọ.